Ègbè Ìtàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Lẹ́tà Tí Òǹkàwé Ń Kọ sí Òǹkọ̀wé

Nígbà tí àgbà kan bá fẹ́ pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé, kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Òun yóò ké pé, "Ààlọ́ o!" àwọn ọmọ yóò sì dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Bí ìtàn bá dé ibi orin, òun ni yóò lé e, àwọn ọmọ ni yóò sì gbè é. Bí ègbè bá ń dún kíkankíkan, apàlọ́ a mọ̀ pé ìtàn òun wọ àwọn ọmọ lára. Bí ègbè bá ń fà, a mọ̀ pé oorun ti ń kun àwọn ọmọ, tàbí pé òun ni ó lé orin náà sókè jù tí ohùn wọn kò fi lè tó o. Nígbà náà ni yóò tún un lé ní ìrọ̀rùn. Báyìí ni àlọ́ fi ń dára sí i láti alẹ́ dé alẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé òun nìkan ni ó ṣe é dára.

Ìwọ òǹkàwé mi, òǹkọ̀wé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Inú yàrá tirẹ̀ ni ó jókòó sí, ó lé orin rẹ̀ sínú bébà, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tí kò rí rí. Ègbè tí ó lè gbọ́ padà ni lẹ́tà tí àwọn tí ó ka ìwé rẹ̀ bá kọ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a yẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wò, pàápàá jù lọ èyí tí a ń kọ sí àwọn tí ń kọ ìtàn amọ́kànfò, ìtàn àṣírí àti ẹ̀tàn, ìtàn olè àti ọlọ́pàá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni í máa ń mú kí ènìyàn gbàgbé oúnjẹ lórí iná, òun náà ni ó sì máa ń mú kí ènìyàn fi ìbínú fa kálámù yọ.

Kí a má ì tí ì lọ jìnnà, Èkó tiwa níhìn-ín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1922 ni àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan bí olú òjò. Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní ọdún náà, E. A. Akíntàn dá Ẹlẹ́tí Ọfẹ sílẹ̀ ní ọdún 1923. Nígbà tí ó sì di ọdún 1928, Isaac Babalọlá Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀, tí ó ń fi èdè Yorùbá àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn olóòtú wọ̀nyí kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ẹni tí ó bá ra ìwé wọn lọ́sẹ̀ yìí lè má rà á lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí náà gbogbo ọgbọ́n tí olóòtú kan bá ní ni ó ń lò kí ó lè mú òǹkàwé dúró.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Ẹni tí ó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Ó ní òun ti di arúgbó, àìsàn sì ti gbé òun dè. Pé nígbà èwe òun, ẹwà òun kò ní ẹgbẹ́ ní Èkó, òun sì fi ẹwà náà tan àwọn ọkùnrin jẹ títí tí ayé òun fi bàjẹ́. Ó fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi òun ṣe àríkọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà kò tán lọ́jọ́ náà. Òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé ìyẹn, títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Ní ọdún 1930 náà ni a sì kó gbogbo wọn pọ̀ di ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ni ó ka ìwé yìí sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, nítorí pé ó ṣáájú ìwé tí D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938. Sẹ̀gilọlá kò sí láyé rí. Thomas olóòtú ni ó jókòó tí ó ń kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Èkó gbà pé ó wà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí olóòtú lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn kan bá a kẹ́dùn, wọ́n ń gbàdúrà fún un; a sì rí àwọn tí ó fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi fún arúgbó aláìsàn náà. Mo fẹ́ kí o ronú sí èyí dáadáa. Ọdún 1929 sí 1930 kì í ṣe ọdún tí owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn; ìgbà náà ni ọjà kòkó àti èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀ ẹnì kan mú ṣílè nínú ìwọ̀nba tí ó ní, ó fi í fún obìnrin kan tí ó jẹ́ pé inú kálámù olóòtú nìkan ni ó ń gbé.

Kí ni ó mú kí wọ́n gbàgbọ́ tó bẹ́ẹ̀? Bí a bá fi ojú ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò ìwé wò ó, a óò rí i pé Thomas mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò kọ ìtàn rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè tàbí sí ìlú àwọn iwin. Èkó ni ó kọ ọ́ sí, Èkó tí gbogbo òǹkàwé rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́. Orin tí ó sì fi sí ẹnu Sẹ̀gilọlá jẹ́ orin tí àwọn àgbàlagbà ìlú rántí pé àwọn jó nígbà èwe àwọn. Ó ń mẹ́nu ba àwọn ọkùnrin ńláńlá ìlú, kò sì dárúkọ wọn. Níhìn-ín ni ọgbọ́n ìtàn amọ́kànfò wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún ti fi ìgbà kan rí kúnlẹ̀ níwájú Sẹ̀gilọlá, tí kò sì gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà, kò lè ṣàì ra ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọgbọ́n kẹta sì ni ti lẹ́tà fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ lẹ́tà sí ọ, ìwà ọmọlúàbí ni kí o fún un ní èsì. Kò sì sí ẹni tí ó kí ẹnì kan nílẹ̀ Yorùbá tí ẹni náà kàn dákẹ́ tí ó ń wò ó. Bí Thomas bá kọ ìtàn náà bí a ti ń kọ ìtàn lásán, bóyá ni àwọn ènìyàn ì bá dá a lóhùn. Ó kọ ọ́ bí lẹ́tà, wọ́n sì dá a lóhùn bí ẹni tí a kọ lẹ́tà sí.

Bí ó ti wù kí ó rí, mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú olóòtú náà, mo sì fẹ́ rò ó níwájú rẹ. Apàlọ́ a máa ké pé "Ààlọ́ o!" kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Igbe yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ń sọ fún ọmọdé pé ohun tí ń bọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ. Pé bí ìjàpá bá jí iṣu, kí ó má ṣe sáré lọ wo iṣu tiwọn lóko. Thomas mú igbe yìí kúrò. Ó gbé Sẹ̀gilọlá sí ojú ìwé kan náà pẹ̀lú ìròyìn ìgbéyàwó àti ìròyìn òkú, níbi tí òǹkàwé ti ní ẹ̀tọ́ láti rò pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí òun ń kà. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ kò gọ̀. Inú rere rẹ̀ ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀, a sì fi ẹ̀tàn gba inú rere náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ àwọn ọmọbìnrin ju ṣílè mélòó kan lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò gbà pé ẹ̀kọ́ ìwà rere ń fẹ́ irọ́ kí ó tó lè dúró. Bí ìtàn bá dára, yóò dára bí a bá tilẹ̀ mọ̀ pé àròsọ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti sunkún lórí òjòlá tí ó gbé ọmọ ọlọ́mọ mì nínú àlọ́, a sì mọ̀ pé òjòlá náà kò sí.

Ẹjọ́ àwọn òǹkàwé ńkọ́? Ọ̀wọ̀ ńlá ni lẹ́tà wọn jẹ́ fún Thomas, nítorí pé òǹkọ̀wé tí ó bá lè mú kí a gbàdúrà fún ẹni tí kò sí, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ni wọ́n gbè lẹ́yìn, wọn kò gbè lẹ́yìn ìtàn. Òǹkàwé tí ó bá fara balẹ̀ ì bá béèrè pé: obìnrin tí ó ní àìsàn ti gbé òun dè yìí, báwo ni ó ṣe ń rí agbára kọ lẹ́tà tí ó gùn tó báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Báwo ni gbólóhùn rẹ̀ ṣe jọ ti olóòtú tó báyìí? Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwà ọ̀yájú. Kíka ìwé pẹ̀lú ojú méjèèjì ni.

Àwọn ará Èkó kọ́ ni àkọ́kọ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣègùn kan wà tí ń jẹ́ Arthur Conan Doyle. Ní ọdún 1887 ni ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ń jẹ́ Sherlock Holmes, tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ohun kékeré kan kọjá. Ìtàn náà sọ Doyle di olókìkí, òkìkí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sú u, nítorí pé ìtàn ogun àti ti àwọn ọba àtijọ́ ni ó wù ú láti kọ. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1891 pé kí ó má ṣe pa Holmes, ó sì gbọ́ ti ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 1893, ó ti Holmes sínú ìṣàn omi kan tí ń já láti orí òkè ní ilẹ̀ Switzerland, ó sì rò pé òun ti bọ́.

Kò bọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kọ̀ láti ra ìwé ìròyìn tí ìtàn náà ń jáde nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà ń rọ́ wọlé. Doyle fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú èébú, ó pe òun ní ẹranko. Ṣé o rí bí ọ̀rọ̀ ti yí padà? Àwọn ará Èkó fi ìfẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò sí. Obìnrin yìí fi ìbínú kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó wà, nítorí ikú ẹni tí kò sí. Èmi kò lè yin irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Elégbè lè fi hàn pé orin kò dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n kò lè gba orin lẹ́nu ẹni tí ń lé e. Òtítọ́ ni pé Doyle mú Holmes padà, ó kọ ìtàn kan nípa rẹ̀ ní ọdún 1901, ó sì sọ ọ́ di alààyè ní ọdún 1903. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí rò pé èébú ni ó ṣe é. Owó ńlá tí àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà fi lọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀ ju gbogbo èébú náà lọ. Títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú Doyle ni àwọn ènìyàn ṣì ń kọ lẹ́tà sí Holmes ní nọ́ńbà ilé tí ìtàn sọ pé ó ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ kan tí ń yá ènìyàn lówó kọ́lé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ bọ́ sí ibẹ̀ ní ọdún 1932, sì ní láti yan akọ̀wé kan tí yóò máa dá wọn lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, lẹ́yìn náà ni mo rántí Akéde Èkó.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa lẹ́tà kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ọdún 1953 ni ìwé àkọ́kọ́ tí Ian Fleming kọ nípa amí kan tí ń jẹ́ James Bond jáde. Ní ọdún 1956, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Geoffrey Boothroyd, tí ó ń gbé ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, kọ lẹ́tà sí Fleming. Boothroyd kì í ṣe òǹkọ̀wé olókìkí nígbà náà. Ohun kan ni ó mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ohun náà ni ìbọn. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kí Fleming mọ̀ pé òun fẹ́ràn Bond. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé ìbọn ìléwọ́ tí Fleming fi sí Bond lọ́wọ́ kò yẹ fún irú iṣẹ́ tí Bond ń ṣe. Pé ìbọn obìnrin ni, kò sì lágbára tó láti dá ọkùnrin dúró. Kò fi í síbẹ̀. Ó dárúkọ àwọn ìbọn mìíràn tí ó yẹ, ó sì sọ ìdí rẹ̀, ó tún sọ irú àpò tí ó yẹ kí ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa fi ìbọn sí kí ó lè yára fà á yọ.

Fleming kò bínú. Ó dá a lóhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń kọ̀wé sí ara wọn. Nígbà tí ìwé tí Fleming pè ní Dr. No jáde ní ọdún 1958, a gba ìbọn àtijọ́ lọ́wọ́ Bond nínú rẹ̀, a sì fún un ní tuntun. Ta ni ó sì fún un? Ọ̀gá kan tí ó mọ̀ nípa ohun ìjà, tí Fleming pe orúkọ rẹ̀ ní Boothroyd. Ọpẹ́ wo ni ó lè ju èyí lọ? Àṣìṣe kò tilẹ̀ tán síbẹ̀, nítorí pé Fleming mú àpò tí Boothroyd yìn fún irú ìbọn kan, ó fi ìbọn irú mìíràn sínú rẹ̀, èyí tí àpò náà kò bá mu rárá. Bí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ irin bá ń sọ̀rọ̀ irin, kò lè ṣàì ṣì í sọ níbì kan.

Wo ohun tí ó wà nínú lẹ́tà Boothroyd. Ó ka ìwé náà tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó sọ ibi tí ó dára, kì í ṣe láti fi pọ́n òǹkọ̀wé lá, bí kò ṣe nítorí pé òótọ́ ni. Ibi tí ó ti rí àléébù, ó nàka sí i ní pàtó, ó sì sọ ohun tí ó lè tún un ṣe. Kò sọ fún Fleming bí ìtàn yóò ti parí tàbí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kú. Ohun tí ó mọ̀ ni ó sọ, ó sì dákẹ́ lórí ohun tí kò mọ̀.

Bóyá ìwọ yóò wí pé, "Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ nǹkan. Ní Igbó-Elérin níbi tí mo ń gbé, àti ní Ìba àti Ọ̀jọ́ pẹ̀lú, àwọn ẹgbẹ́ mi nígbà èwe máa ń pààrọ̀ ìwé James Hadley Chase láàrin ara wọn títí tí ẹ̀yìn ìwé yóò fi ya. Àtijọ́ ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ àwọn tí ń ta ògbólógbòó ìwé. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Chase, ó kú ní ọdún 1985. Amẹ́ríkà ni ó kọ ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ibẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó fi ń mọ ojú ọ̀nà àti èdè wọn. Kò sí ọmọ Igbó-Elérin kan tí ó lè mọ̀ bóyá ó ṣì í. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ ìtàn lónìí pé olè kan gun ọkọ̀ ní Okokomáíkò ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí ó sì dé Mailé Méjì láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ tí ó ń gba ojú títì Àgbádárìgì lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé olè náà fò ni. Ọmọ náà ni Boothroyd ti ìtàn náà.

Àwa náà sì ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó kú ní ọdún 2019, kọ Àjà Ló L'ẹrù ní ọdún 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971, níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ti ń lépa àwọn ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1976, ó sì fún wa ní Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń fi sùúrù tú àṣírí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wọ̀nyí fi hàn pé èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kí ó má sì tẹ̀. Ìyà tí ó ń jẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láàrin wa ni pé ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń tìtorí rẹ̀ kà á. Wọ́n ń ka orúkọ ẹ̀dá ìtàn sórí, wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ tí ìtàn kọ́ni sórí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún olùdánwò, wọ́n sì sọ ìwé sábẹ́ ibùsùn. Kò wá sí ọkàn wọn pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan ni ó kọ ọ́, tí ì bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn wọn.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó kọ ìwé tí a kà ní tẹ́ẹ̀mù náà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà máa ń lọ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìwé yín dára púpọ̀. Ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn." Kò sí ohun tí ó burú nínú àdúrà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ ìwé rí, títí kan ẹni tí ó kọ ìwé ìṣirò. Òǹkọ̀wé tí ó bá gbà á kò lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ṣí ìwé òun rárá.

Ní ọdún kan, ọmọkùnrin kan kọ ohun tí ó yàtọ̀. Ó béèrè pé báwo ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé tí a kà ṣe rí àwọ̀ aṣọ olè nínú òkùnkùn tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ti sọ, ní ojú ìwé kan náà, pé ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà sókè fún kíláàsì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó fajú ro. Ọmọbìnrin kan sọ pé, "Sà, ó ń bú àgbàlagbà." Òmíràn ní ó fẹ́ kọ́ ẹni tí ó kọ́wèé ní ìwé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. A kọ́ wa pé ọmọdé kì í ko àgbà lójú, ẹ̀kọ́ náà sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ wa ní èyí ni ó tún sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ ni ó wà láàrin méjèèjì. Bí ọmọ kan bá rí i pé bàbá òun wọ agbádá sódì, kò gbọ́dọ̀ kígbe ní gbangba, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bàbá jáde bẹ́ẹ̀ lọ sí òde ìyàwó. Yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sún mọ́ ọn, yóò sì sọ ọ́ sí i létí. Ọmọ tí ó dákẹ́ tí ó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ lọ ṣẹ̀sín níta kò bọ̀wọ̀ fún un; ẹ̀rù ni ó bà á, tàbí kí ó jẹ́ pé kò kàn án. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Boothroyd fi kọ lẹ́tà tirẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà fún ìwọ àti ẹ̀yin. Èdè tiwa fún wa ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fún wa ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹ forí jì mí, ó rú mi lójú ni. Gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ọ̀nà tí a là sílẹ̀ kí òtítọ́ lè rí ibi gbà dé ọ̀dọ̀ àgbà láìjẹ́ pé ó fi èékánná ya á lára.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà tún lẹ́tà rẹ̀ kọ. Kò yọ ìbéèrè rẹ̀ kúrò, èmi náà kò sì jẹ́ kí ó yọ ọ́. Ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ìtàn náà ti mú un láyà: alẹ́ tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sá pamọ́ sí ẹ̀yìn àgbá omi, tí olè sì dúró tì í tí ó ń mu sìgá. Ó ní òun kò lè mí dáadáa títí olè náà fi kúrò. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má bínú, sà, ó rú mi lójú díẹ̀ bí ó ti ṣe mọ̀ pé aṣọ pupa ni olè wọ̀. Bóyá iná sìgá náà ni ó fi rí i, tí ẹ kò sì rántí sọ fún wa." Wò ó, ìwọ òǹkàwé mi, ọmọ náà ti bá àgbà tún ìtàn rẹ̀ ṣe, ó sì tún fi ẹ̀bi náà pamọ́ sábẹ́ ìgbàgbé. Èmi tí mo ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ronú kan iná sìgá. Mo fún un ní máàkì tí ó ju ti gbogbo kíláàsì lọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ àwọn kan nínú.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni a lè fi ẹ̀rọ alágbèéká kọ̀wé sí kí a tó ka ojú ìwé tí ó kàn. Èyí rọrùn, ó sì ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ìbínú tí ì bá ti rọ̀ nígbà tí a ń wá sítáǹbù kiri ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó rọ̀. Ka ìwé náà parí. Sun oorun kan lé e. Bí ó bá ṣì wù ọ́ láti kọ̀wé ní ọjọ́ kejì, bóyá o ní ohun tí o fẹ́ sọ.

Ní ti ibi tí o óò fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí tí orúkọ ìwé wà. Ibẹ̀ ni wàá ti rí orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ àti àdírẹ́sì wọn. Kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí ara àpò lẹ́tà, kí o sì kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà sí abẹ́ rẹ̀. Kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí o ń sọ̀rọ̀ lé lórí sínú lẹ́tà, nítorí pé òǹkọ̀wé lè ti gbàgbé ibi tí ó kọ ohun tí ó kọ sí. Èsì lè pẹ́; ó sì lè má wá, nítorí àgbà lè ti rẹ̀ ẹ́, ilé iṣẹ́ lè ti kó kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2012, Karin Barber tún ìtàn Sẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó ti inú Akéde Èkó wá. Àwọn tí ó fi ṣílè wọn ránṣẹ́ ti kú tipẹ́tipẹ́, Thomas náà sì ti kú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sọ ìtàn ìwé náà títí di òní kò lè sọ ọ́ kí ó má dárúkọ lẹ́tà wọn.